Ṣé “dúró fún” nìkan ni “represent”? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì yìí, “represent”, àti àwọn tó bá a tan, ti tó ohun tí a ń ya ojú ìwé sọ́tọ̀ fún. Ohun kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nídìí gbogbo wọn. “Dúró fún” ti Yorùbá gbòòrò. Òun nìkan ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì pín fún ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje. Ẹni tó bá di ẹyọ kan mú nínú wọn tó sì ń lò ó níbi gbogbo, ibi kan ń bọ̀ tí kò ti ní bá a mu.

Ẹ̀yin olótùú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé atúmọ̀-èdè tó wà lọ́wọ́ mi sọ pé “ṣojú fún” ni “represent”. Ṣùgbọ́n mo rí “green represents agriculture” nínú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Báwo ni àwọ̀ ṣe máa ṣojú fún iṣẹ́ àgbẹ̀ bí aṣòfin ṣe ń ṣojú fún ìlú? (Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ọ̀yọ́)

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ìwé yín kò purọ́, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ló sọ fún yín.

Inú èdè Látìn ni “represent” ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kí á mú nǹkan wá síwájú ojú ẹni. Ẹ di gbòǹgbò yẹn mú: ohun kan kò sí níbí, tàbí kò ṣeé fojú rí, a wá fi òmíràn mú un wá. Ara rẹ̀ ni ẹ̀ka mẹ́rin ti yọ.

Ẹ̀ka kìíní ni ti aṣojú, èyí tí ẹ ti mọ̀. “He represents our constituency”: òun ló ń ṣojú agbègbè wa. Ìdí nìyí tí ilé aṣòfin tí àwọn 360 ń jókòó sí l’Ábújá fi ń jẹ́ House of Representatives. Agbẹjọ́rò náà wà lábẹ́ ẹ̀ka yìí: “She represents the widow” ni pé òun ló ń bá opó náà rojọ́ ní kóòtù.

Ẹ̀ka kejì ló dà yín láàmú. Níbẹ̀, àwọ̀, ẹranko tàbí ohun èlò ló dúró fún èrò. Àsíá Nàìjíríà, tí Taiwo Akinkunmi ya àwòrán rẹ̀ ní 1959, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ta ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960, ló sún mọ́ wa jù: “Green represents agriculture, white represents peace and unity.” Ẹnikẹ́ni kò dìbò yan àwọ̀ ewé. Àwa ènìyàn la fẹnu kò pé ohun tí yóò máa sọ nìyẹn.

Ẹ̀ka kẹta ni ti àwòrán àti ère: “The carving represents a mother and child”, ìyá àti ọmọ ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí, nítorí pé “represent” kò ju “jẹ́” lọ níbẹ̀. “This represents a loss of ₦40,000”: àdánù ₦40,000 ni èyí jẹ́. “Girls represent half of the class”: ìdajì kíláàsì jẹ́ obìnrin. Kò sí àmì kankan níbẹ̀, kò sí aṣojú kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, ẹ kọ “ṣojú”, “dúró fún”, “ṣàfihàn” àti “jẹ́” sójú pátákó, kí wọ́n fi wọ́n dán gbólóhùn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. “Àwọ̀ ewé ń ṣojú iṣẹ́ àgbẹ̀” yóò há wọn lẹ́nu. “Àwọ̀ ewé dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀” yóò yọ̀ bọ́ọ́lọ́. Èyí tó bá yọ̀ ni ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa fi báírò pupa fa ìlà mẹ́ta sí gbólóhùn mi kan ṣoṣo: “The green colour is representing for the symbol of agriculture.” Kò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. (Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ wa, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ́. Jẹ́ kí á mú wọn níkọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó bá mọ ìdí àṣìṣe kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

“For” ni àkọ́kọ́. Yorùbá ló tì ọ́ síbẹ̀. A máa ń ní “dúró fún”, “ṣojú fún”, ìwọ náà wá gbé “fún” náà dání lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. “Represent” ń gba àbọ̀ rẹ̀ tààrà, bí “jẹ” ṣe ń gba iyán: a kì í “jẹ fún iyán”. Bákan náà ni “symbolise”, “depict”, “embody” àti “denote”. Nínú gbogbo wọn, “stand” nìkan ni kò lè dá rìn láìsí “for”.

“Is representing” ni ìkejì. Àwọ̀ kì í wọṣẹ́ láàárọ̀ kó ṣíwọ́ lálẹ́; bó ṣe wà ló ṣe wà. Yorùbá rẹ gan-an mọ èyí. Sọ ọ́ sókè: “Àwọ̀ ewé ń dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀.” Etí rẹ kò gbà á, àbí? Níbi tí Yorùbá bá ti kọ̀ “ń” báyìí, má fi “-ing” síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe fún ìgbà kan, ọ̀nà ṣí sílẹ̀: “Our school is representing Ogun State at the debate.” Ilé-ìwé wa ń ṣojú Ìpínlẹ̀ Ògùn, “ń” wọlé, “-ing” náà wọlé.

Ìkẹta ni “the symbol of”. “Represent” ti ní àmì nínú. Bí o bá tún gbé “symbol” lé e, ohun tí o sọ ni pé àwọ̀ ewé dúró fún àmì kan, tí àmì yẹn ní tirẹ̀ sì dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Mú ọ̀kan: “Green represents agriculture”, tàbí “Green is a symbol of agriculture”. “Colour” náà kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, nítorí àwọ̀ ni “green” fúnra rẹ̀.

Fi àmì orílẹ̀-èdè wa, èyí tí idì bà lé lórí, ṣe ìdánrawò: “The eagle represents strength. The two horses represent dignity. The black shield represents fertile soil. The white wavy bands represent the Niger and the Benue.” Wo “s” náà dáadáa. Idì kan, “represents”; ẹṣin méjì, “represent”. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá há sáàárín: “The colour of the horses represent…” Ẹṣin tó wà nítòsí ló fà ọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ “colour” ni olùwà, ẹyọ kan sì ni. “Represents” ló yẹ kó jẹ́. Bí o bá sì fẹ́ fi èrò ṣíwájú àmì, “by” ni kó tẹ̀lé e: “The meeting of the two rivers is represented by the letter Y.”

Mo máa ń mú àwọn àlejò káàkiri Ilé-Ifẹ̀. Mo fẹ́ tẹ ìwé pélébé fún wọn nípa ère Mọ́remí. Ẹnì kan ní kí n kọ “depicts”, ẹnì kejì ní “symbolises”, ẹnì kẹta ní “represents” dára jù. Ta ló tọ̀nà? (Ilé-Ifẹ̀)

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè tọ̀nà, ibi tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo ère náà fínnífínní. Obìnrin ni ẹ rí. Ó ní ojú, ó ní apá, wọ́n sì fi iná ògùṣọ̀ sí i lọ́wọ́. Àwòrán ènìyàn ni, “depict” ló sì ni iṣẹ́ yẹn, torí inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí “fi ọ̀dà kùn” ló ti wá. Ohun tó bá ní àwọ̀, ara tàbí ìṣe tí a lè yà ni à ń depict. Ẹ wá wo ògùṣọ̀. Kì í ṣe torí àtifi ògùṣọ̀ hàn yín ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Òmìnira ni wọ́n ní lọ́kàn. Òmìnira kò ní ojú, kò ní apá, a kò lè yà á. “Symbolise” ló gba ibẹ̀. Nítorí náà:

“This statue depicts Queen Moremi. The torch she holds symbolises freedom.”

Àṣìṣe tí a ń rí lójú pátákó káàkiri ni “The torch depicts freedom.” Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò dúró wo ògùṣọ̀ bóyá wọ́n ya nǹkan sí i lára. “Represents” yóò wọlé síbi méjèèjì láìṣe àṣìṣe, ìdí sì nìyí tí ẹnì kẹta fi fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ méjì tó ṣe gúnmọ́ lọ́wọ́, ó dára kí ẹ lo méjèèjì, kí àlejò lè mọ̀ pé ojú rẹ̀ ni yóò fi wo ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ ni yóò fi wo èkejì.

Bí ẹ bá tún fẹ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n fi Mọ́remí hàn sí nínú ìtàn tàbí eré, “portray” ni kí ẹ mú, pẹ̀lú “as”: “The story portrays her as fearless.” Ìwà ni “portray” ń wò ju ìrísí lọ.

Ẹ yan “symbolise” tàbí “symbolize”, èyí tó bá wù yín. “Z” ni Amẹ́ríkà ń lò. Bìrìtìkó gba méjèèjì. Ohun tí kò dára ni kí “s” wà ní ojú ìwé kìíní kí “z” wà ní ìkejì. Ọ̀rọ̀ tó bí i, “symbol”, ní ìtàn tó dára láti mọ̀. Ní Gíríìsì àtijọ́, ẹni méjì tó bá dá májẹ̀mú lè fọ́ nǹkan sí méjì, kí kálukú mú ààbọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún pàdé, tàbí tí ọmọ wọn bá pàdé, wọn yóò pa ààbọ̀ méjèèjì pọ̀ wò bóyá wọ́n bára mu. Ààbọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ ń pe ààbọ̀ tí o kò rí. Bí àmì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Kí ni Gẹ̀ẹ́sì “pa àrokò”? (Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì, Àgọ́-Ìwòyè)

Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé e dé ilé. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹni tó pa á: “sent a message in objects”. Ohun tó fi pa á: “represent” tàbí “symbolise”. Iṣẹ́ tí ohun náà jẹ́: “convey”. (Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n má baà kà á sí “àròkọ” tí wọ́n ń kọ ní kíláàsì.)

Ibi tó ti ṣòro láti túmọ̀ ni pé àrokò ní oríṣi méjì, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì lè jẹ́ bákan náà. Owó ẹyọ méjì tí a so tí wọ́n kọjú síra ń sọ ti ìfẹ́ àti àjọṣe. Bí a bá so wọ́n tí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ìdúró wọn ló ń sọ̀rọ̀. Àjòjì tó bá rí i lè méfò rẹ̀. “Two cowries strung back to back symbolise enmity” tó bẹ́ẹ̀, kò nílò àlàyé kankan.

Ṣùgbọ́n ẹyọ mẹ́fà ńkọ́? Kò sí ohun kankan lára owó ẹyọ mẹ́fà tó jọ ìfẹ́. Ohùn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹẹ́fà, fà, ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ náà bẹ́ẹ̀: ẹẹ́jọ, jọ; ọ̀rọ̀ wa jọra, a jọ wà. Bí ẹ bá kọ “Six cowries symbolise love” tí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òǹkàwé yóò rò pé baba wa rí ìfẹ́ nínú iye mẹ́fà, bí ẹlòmíràn ṣe ń rí oríire nínú méje. Ọgbọ́n àrokò ti bọ́ sọnù nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ tán pátápátá: “Six cowries conveyed attraction, because ẹẹ́fà, ‘six’, recalls the verb fà, ‘to draw’.” Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ni òótọ́.

Mo ń kọ ìwé kékeré fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, nípa òrìṣà ní Cuba. Ṣé mo lè kọ “Saint Barbara represents Changó”? (London)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. “Represents” yóò sọ fún ọmọ náà pé àmì lásán ni ẹni mímọ́ yẹn, tí Ṣàngó sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn kan kò gbà. Ọ̀rọ̀ yín ti dá ẹjọ́ kí ẹ tó mọ̀. “In Cuba, Changó is identified with Saint Barbara” ló ṣe déédéé: àwọn ènìyàn so wọ́n pọ̀, ẹ kò sì sọ ẹni tó jẹ́ àmì ẹnì kejì. “Is associated with” tún rọ̀ ju ìyẹn lọ.

Oṣé ni kí ẹ lo “represents” fún: “The double-headed axe represents his thunder.” Ní ti pupa àti funfun, ẹ kò nílò ọ̀rọ̀-ìṣe àmì rárá. “Red and white are his colours” ti tó. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé pé “are” wà.

Bàbá wa yóò pé ọgọ́rin ọdún. Èmi ni yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ àwa ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ní kí n fi sọ ọ́. Ṣé “Daddy symbolises honesty” dára? (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú oríire Bàbá o. Wọn á ṣe púpọ̀ sí i láyé.

“Symbolises” kò dára tó fún wọn. Ẹyẹlé funfun lè symbolise àlàáfíà, síbẹ̀ àwọn ẹyẹlé a máa ṣá ara wọn lẹ́nu lórí àgbàdo. Ohun tó jẹ́ àmì kò pọn dandan kó ní ìwà náà. Ẹni tí òtítọ́ wà nínú rẹ̀, tí a ń rí i nínú ìṣe rẹ̀ lójoojúmọ́, “embodies” ni à ń lò fún un. “Body” wà nínú ọ̀rọ̀ náà: èrò ti gbé ara wọ̀. “Daddy embodies honesty.” Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé ọmọlúàbí wọ inú ọ̀rọ̀ náà: “He embodies what we call ọmọlúàbí.” Kí ẹ wá sọ ohun kan tí Bàbá ṣe tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí “embodies” láìsí ẹ̀rí kò yàtọ̀ sí oríkì àwọn onílù tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń kì.

“Epitomises” sún mọ́ ọn, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé bí ẹnì kan bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ pípé nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni yìí ni kó wò. “He epitomises the old-school teacher” dára bí wọ́n bá ṣe tíṣà. Ẹ ṣọ́ra fún “epitome”: sílébù mẹ́rin ni, “i-pí-to-mi”, kì í ṣe “épì-tóòmù”. Kì í sì í ṣe “òkè téńté”. “The epitome of his career” tí àwọn kan ń lò fún ìgbà tí iṣẹ́ ẹni ga jù lọ kò tọ́. “Peak” ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé òkè òkun ní kí n wá ẹni tó máa dúró fún mi kí wọ́n lè yá mi lówó. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá kan pé “Please stand for me, sir.” Kò dáhùn. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? (Ìlọrin)

Ẹ kò ṣẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó má yé e ni. “Dúró fún mi” ti ẹ̀yáwó kì í ṣe “stand for”. “Please stand surety for me” ni kí ẹ kọ, tàbí “be my guarantor”, èyí tí báǹkì mọ̀ dáadáa. “Stand for” ní ilé tirẹ̀: lẹ́tà ìgékúrú (“UN stands for United Nations”), ìlànà tí ènìyàn ń gbèjà, àti ìbò ní ilẹ̀ Bìrìtìkó (“stand for election”, Amẹ́ríkà ní “run”). Ẹ sì mọ̀ pé “I won’t stand for it” jẹ́ “n kò ní gbà á.”

Nínú ìṣirò, “let x represent oranges” ni mo máa ń kọ. Wọ́n ní kò pé. Kí ló kù? (Ọ̀ṣogbo)

Ohun tó kù ni iye. X kì í ṣe ọsàn; nọ́ńbà ni. “Let x represent the number of oranges.” Ibi tí èyí ti ń ba ìṣirò jẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ owó: ẹni tó kọ “let x represent oranges” yóò dé àárín, x yóò di iye ọsàn ní ìlà kan, yóò di owó ọsàn ní ìlà kejì, ìdáhùn yóò sì wọ́.

Máàpù náà bẹ́ẹ̀. Lórí máàpù 1:50,000, “1 cm represents 500 m” la ń kọ, kì í ṣe “1 cm equals 500 m”, nítorí sẹ̀ǹtímítà kan kò lè bá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà dọ́gba láéláé. Bí àmì bá sì ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí a ti fi lélẹ̀, “denote” tún mọ́ ju “represent” lọ: “The sign + denotes addition.” Lẹ́tà àti ìró ní tiwọn fẹ́ràn “represent”: “In Yoruba spelling, the letter p represents the sound kp.”

Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń pe “represent”? (Ìbàdàn)

Sílébù mẹ́ta, ìkẹta ni ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́: re-pri-ZENT. “S” àárín yẹn, “z” ni, ìró tí Yorùbá kò ní. Ẹ pe “s”, kí ẹ gbé ìka lé ọ̀nà ọ̀fun. Kò sí ohun tó ń gbọ̀n. Ẹ wá jẹ́ kí ọ̀fun dún bí ẹ ti ń pe “s” náà lọ, kó máa gbọ̀n lábẹ́ ìka yín; “z” ti dé. Ẹ má fi fáwẹ́lì sáàárín “p” àti “r”, “ripirisẹ́ntì” ti di sílébù márùn-ún. Bí ẹ bá dé “representation”, ibi ìtẹ̀ ti ṣí lọ: re-pri-zen-TAY-shun.